Ta Ló Ni Díígírì Mẹ́ta Yìí?

Fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún gbáko ni nọ́ńbà kan fi da ọkàn mi rú. Kì í ṣe nọ́ńbà ńlá, 27.1875 ni. Òun ni ẹ̀rọ kékeré tí mo fi ọwọ́ ara mi ṣe láti máa wọn ooru yàrá iṣẹ́ mi ń kọ sójú, nígbà tí tẹmọ́mítà onígíláàsì tí mo gbé kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tí ààyè àárín wọn kò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan lọ, dúró ṣinṣin sórí 24. Díígírì mẹ́ta àti díẹ̀ ló wà láàárín wọn. Ó wà níbẹ̀ ní òwúrọ̀, ó wà níbẹ̀ ní ọ̀sán, n kì í sì í pa ilẹ̀kùn dé ní alẹ́ kí n má fi í sílẹ̀ níbẹ̀.

Bó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ náà ń ṣe ségesège ni, ọ̀rọ̀ ì bá rọrùn, nítorí ẹni tó bá ti pẹ́ díẹ̀ nídìí sákíìtì mọ ibi tí a ti ń wá àṣìṣe tó ń fò sókè fò sódò: wáyà tí kò dì mọ́ra, lẹ́ẹ̀dì (òjé tí a ń yọ́ láti fi so wáyà pọ̀) tí kò jó dénú, iná tí kò dúró sójú kan. Tèmi kò fò rárá. Ó jókòó bí ẹni tó ni ilé. Àṣìṣe tó bá fara balẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ a máa jọ òtítọ́ lójú ẹni, àgàgà nígbà tó bá gbé nọ́ńbà mẹ́rin dání lẹ́yìn ààmì dẹ́símà.

Àwọn tí mo kọ́kọ́ fura sí

Sẹ́nsọ̀, ẹ̀yà tó ń mọ ooru lára, ni mo kọ́kọ́ fi ẹ̀sùn kàn. Chip onídígítà ni, kò tó èékánná ìka kékeré, wáyà méjì tí a ń pè ní I2C ló fi ń bá microcontroller, ìyẹn kọ̀ǹpútà kékeré tó ń darí ẹ̀rọ náà, sọ̀rọ̀, ìwé àlàyé rẹ̀ sì fọwọ́ sọ̀yà pé àṣìṣe rẹ̀ kò ní ju ìdajì díígírì lọ sókè tàbí sísàlẹ̀. Mo fi iná yọ ọ́ kúrò lára bọ́ọ̀dù, mo jó òmíràn sí ipò rẹ̀. Ẹni tuntun náà kọ 27.125. Ẹlẹ́rìí méjì tí kò mọ ara wọn rí kì í sábà pa irọ́ kan náà, nítorí náà ó yẹ kí n ti yí ojú mi kúrò lára sẹ́nsọ̀ láti ọjọ́ yẹn, ṣùgbọ́n n kò tíì ṣe tán láti gbà.

Mo wá lo ọ̀nà tí àwọn àgbà fi ń dán tẹmọ́mítà wò. Mo fọ́ yìnyín wẹ́wẹ́, mo da omi tí a ti sè tí a sì gba oru rẹ̀ padà di omi sínú rẹ̀ títí ó fi dí gbogbo àlàfo tó wà láàárín yìnyín, mo rò ó pọ̀, mo sì jẹ́ kó sinmi. Níbi tí yìnyín àti omi tó mọ́ bá ti ń gbé pọ̀ báyìí, 0°C ni, kò sí ẹjọ́ níbẹ̀. Mo jó chip tí mo yọ yẹn sí orí ègé bọ́ọ̀dù òfìfo kan, mo so wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́rin mọ́ ọn, mo fi ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wé e kí omi má baà kàn án, mo sì rì í sínú abọ́ náà pẹ̀lú tẹmọ́mítà onígíláàsì. Tẹmọ́mítà sọ pé òdo. Sẹ́nsọ̀ sọ pé 0.125.

Ẹ wo ìṣòro tí mo wà nínú rẹ̀. Nínú abọ́ yìnyín, àwọn méjèèjì fohùn ṣọ̀kan. Lára ògiri, wọ́n ń jà. Ẹni tó bá gbọ́n jù mí lọ ì bá ti rí ìdáhùn níbẹ̀ yẹn, nítorí ohun tí mo jó sẹ́nsọ̀ náà mọ́ kò rí bákan náà ní ibi méjèèjì. Èmi sọ fún ara mi pé bóyá bí ooru ṣe ń gòkè ni ìṣirò inú chip náà ń yẹ̀ díẹ̀díẹ̀, pé ó mọ òdo dáadáa ṣùgbọ́n kò mọ ohun tó wà lókè rẹ̀. Mo tilẹ̀ ya ìlà ìṣirò kan sórí bébà láti fi ṣe àlàyé náà. Ìlà náà rẹwà. Irọ́ ni.

Lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Mo fi kapásítọ̀ 100 nF, ẹ̀yà tó ń mú kí iná dúró sójú kan, kún ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ tí sẹ́nsọ̀ fi ń gba iná, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀kan ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo kọ kóòdù tó ń ka sẹ́nsọ̀ nígbà mẹ́rìndínlógún tó sì ń pín àpapọ̀ rẹ̀ sí mẹ́rìndínlógún. Ohun tí mo rí gbà lẹ́yìn gbogbo làálàá yẹn ni pé 27.1875 kò tún mì mọ́ rárá. Mo ti bá irọ́ kun àtíkè.

Ìlà kóòdù kan ṣoṣo

Ó dùn mí láti jẹ́wọ́ ohun tí mo ṣe tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé èmi nìkan kọ́ ló ń ṣe é. Mo ṣí kóòdù mi, mo sì kọ ìlà kan tó ń yọ 3.2 kúrò nínú gbogbo ohun tí sẹ́nsọ̀ bá sọ. N kò kọ ìdí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ìlà náà, nítorí n kò ní ìdí kankan láti kọ. Ojú ẹ̀rọ wá ń sọ 23.99, tẹmọ́mítà ń sọ 24, mo sì sùn dáadáa fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ púpọ̀.

Àlàáfíà yẹn kò kọjá ọjọ́ mẹ́rin. Mo ṣí fèrèsé ní ọjọ́ kan tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́, ó sì ń fẹ́ lu ògiri tí ẹ̀rọ náà wà. Nígbà tí mo gbójú sókè, tẹmọ́mítà ti sọ̀ kalẹ̀ sí 22, ẹ̀rọ mi sì ń sọ 20.6. Ẹ̀rọ tó ti ń sọ àsọjù láti oṣù tó kọjá ti wá ń sọ àsọdín. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò lé e bá. Irọ́ tèmi kò tilẹ̀ rìn jìnnà. Síbẹ̀ mo pa fèrèsé dé, nọ́ńbà méjèèjì padà sùn mọ́ra, mo sì sọ fún ara mi pé afẹ́fẹ́ ló ń da ẹ̀rọ láàmú.

Òwúrọ̀ tí mo dé kí ẹ̀rọ tó gbóná

Ní alẹ́ ọjọ́ kan mo yọ gbogbo ohun tó wà nídìí iná láti nu tábìlì iṣẹ́, mo sì gbàgbé láti dá wọn padà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì mo wọlé, mo wo tẹmọ́mítà bí mo ṣe máa ń wò ó: 24. Mo tẹ ẹ̀rọ bọ iná. Kí n tó fà àga láti jókòó, ojú rẹ̀ ti tàn, ohun tó sì kọ síbẹ̀ ni 20.74.

Mo rò pé ó ti bàjẹ́ ni. Mo na ọwọ́ láti yọ ọ́ kúrò nídìí iná, ọwọ́ mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án nígbà tí nọ́ńbà náà yí sí 20.80, ó yí sí 20.86, ó yí sí 20.93. Mo fa ọwọ́ padà. Àwọn ohun òjijì kan wà tó jẹ́ pé ara ni wọ́n ti ń yé èèyàn kí ọpọlọ tó bá a. Mo mọ̀ pé ohun tí mo ń wò yìí ṣe pàtàkì, n kò sì tíì mọ ohun tó jẹ́. Mo fa bébà kan, mo gbé aago síwájú, mo jókòó, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan: 21.24. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́fà: 22.74. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjìlá: 23.49. Lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú: 23.80. Nígbà tó máa fi di ìdajì wákàtí, ó ti dé 23.93, ó sì dúró síbẹ̀ bí ẹni pé kò sí ibòmíì tó wà rí.

Ní gbogbo ìdajì wákàtí yẹn, tẹmọ́mítà onígíláàsì kò mira. Orí 24 ló bẹ̀rẹ̀, orí 24 ló parí sí. Yàrá kò gbóná sí i rárá. Nǹkan kan sì gbóná sí i ní díígírì mẹ́ta lójú mi kòrókòró, ó yára níbẹ̀rẹ̀, ó sì ń falẹ̀ bó ṣe ń súnmọ́ ibi tó ń lọ, gẹ́gẹ́ bí irin tí a gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná ṣe máa ń gbóná. Kí ló wà nínú yàrá yẹn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn?

Mo fi 3.2 tí kóòdù mi ń jí gbé kún 20.74. Ó di 23.94. Ìyẹn ni pé ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí sẹ́nsọ̀ sọ nígbà tó lajú, kí ara bọ́ọ̀dù tó móoru, òtítọ́ ni, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má fi nǹkan kan yàtọ̀ sí ti tẹmọ́mítà. Láti ìgbà yẹn lọ ni bọ́ọ̀dù tí mo fi ọwọ́ mi yà ti ń sọ̀rọ̀ sí i létí. Mo ṣí ìdérí ẹ̀rọ náà, mo fi ìka kan régúlétọ̀, ẹ̀yà tó ń dín iná tó wọlé kù sí ìwọ̀n tí àwọn yòókù lè lò, mo sì yára fà á padà nítorí ó gbóná ju ohun tí ìka lè gbà lọ. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ náà ló wà. Mo ti wá a nínú yìnyín, mo ti wá a nínú ìṣirò, mo ti wá a lára afẹ́fẹ́, kò sì jìnnà ju sẹ̀ǹtímítà kan àbọ̀ lọ sí sẹ́nsọ̀.

Bàbà kò mọ ìyàtọ̀

Ìṣirò rẹ̀ kò le, ìyẹn gan-an ló sì ń ta mí lára. Fọ́ọ̀tì 12 ló ń wọ ẹ̀rọ náà. Fọ́ọ̀tì 3.3 ni microcontroller, sẹ́nsọ̀ àti ẹ̀yà rédíò tó ń fi ìròyìn ránṣẹ́ ń lò. Régúlétọ̀ tí mo yàn jẹ́ irú èyí tó ń sun gbogbo àjẹkù di ooru, àjẹkù ọ̀hún sì jẹ́ fọ́ọ̀tì 8.7. Iná tó ń ṣàn jẹ́ mílíáńpíà 80. Bí a bá fi 8.7 sọ 0.08 di púpọ̀, wọ́ọ̀tì 0.7 ni. Kò tó ohun tí èèyàn ń sọ̀rọ̀ lé lórí níbòmíì, ṣùgbọ́n lórí bọ́ọ̀dù tó kéré ju páálí ìṣáná lọ, nínú ike tí a sé pa, iná ìdáná ni.

Bí ooru yẹn ṣe rin sẹ̀ǹtímítà kan àbọ̀ náà ni mo wá ń rò fún ọjọ́ púpọ̀. Ohun tí wọ́n fi ń ṣe pátákó bọ́ọ̀dù, ìyẹn okùn gíláàsì àti gọ́ọ̀mù, kì í tètè gba ooru kọjá. Nǹkan bíi 0.3 ni agbára ìgbooru rẹ̀ lórí òṣùwọ̀n tí bàbà ti jẹ́ nǹkan bíi 400. Bàbà ju u lọ ní ìlọ́po tó lé ní ẹgbẹ̀rún. Èmi náà sì ti fi bàbà pẹlẹbẹ kan kárí gbogbo abẹ́ bọ́ọ̀dù, èyí tí àwa onísákíìtì ń pè ní gíráǹdì, nítorí pé gbogbo ẹni tó kọ́ wa níṣẹ́ ló sọ pé bẹ́ẹ̀ ni iná ṣe ń dákẹ́ jẹ́ẹ́, tí ariwo rẹ̀ kì í fi í wọ inú àmì tí a fẹ́ kà. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n bàbà kò mọ ìyàtọ̀ láàárín iná tí mo fẹ́ kó gbé àti ooru tí n kò rán an. Ọ̀nà tí mo là fún ọ̀kan, méjèèjì ló gbà á.

Ó kù ohun tó ya mí lẹ́nu jù. Mo ti máa ń rò pé afẹ́fẹ́ tó yí sẹ́nsọ̀ ká ló ń fọwọ́ kan ike orí rẹ̀, tí ike náà á sì sọ fún un. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ooru pọ̀ jù láti máa gbà wọlé, ẹsẹ̀ irin tí a fi lẹ́ẹ̀dì jó mọ́ bàbà bọ́ọ̀dù. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò sì mọ nǹkan kan nípa afẹ́fẹ́. Tíráńsísítọ̀ méjì ni (ẹ̀yà sílíkónì tó ń darí bí iná ṣe ń ṣàn), tàbí ọ̀kan tí a ń fún ní iná oríṣi méjì. Bí iná tó gba ọ̀kan kọjá bá pọ̀ tó ìlọ́po mẹ́jọ ti èkejì, ìyàtọ̀ fọ́ọ̀tì tó wà láàárín wọn yóò máa fi nǹkan bíi mílífọ́ọ̀tì 0.18 gòkè fún díígírì kọ̀ọ̀kan tí sílíkónì náà fúnra rẹ̀ bá fi gbóná. Sílíkónì fúnra rẹ̀ ni mo wí. Bí a bá fẹ́ sọ ọ́ bó ṣe rí, sẹ́nsọ̀ kan kò tíì wọn ooru yàrá rí láyé. Ooru ara rẹ̀ ló ń wọ̀n, ẹni tó ya sákíìtì ló ń bá a ṣèlérí pé ara rẹ̀ àti yàrá yóò jẹ́ ọ̀kan náà. Èmi ni mo ṣe ìlérí tí n kò mú ṣẹ.

Kí n lè dá ara mi lójú, mo gé ọ̀nà régúlétọ̀, mo sì fún bọ́ọ̀dù náà ní fọ́ọ̀tì 3.3 tààrà láti ìta. Díígírì 3.2 yẹn já wálẹ̀ sí 0.9. Mo ṣe ìṣirò: fọ́ọ̀tì 3.3 pẹ̀lú mílíáńpíà 80 jẹ́ wọ́ọ̀tì 0.26, bí a bá fi pẹ̀lú 0.7 ti régúlétọ̀, àpapọ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ wọ́ọ̀tì kan, 0.26 sì lé díẹ̀ ní ìdámẹ́rin rẹ̀. Ìdámẹ́rin 3.2 ni 0.8. Díígírì mẹ́ta náà ti rí olówó rẹ̀, ó tilẹ̀ ṣeé pín fún àwọn tó ni ín, ẹni kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí iná tó jẹ.

Gbogbo àlọ́ tó ṣẹ́kù sì já lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú abọ́ yìnyín, kò sí régúlétọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, omi sì yí i ká tó ń gba gbogbo ooru díẹ̀ tó bá dá lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ tí mo ṣí fèrèsé, afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ ń gbá lára ooru bọ́ọ̀dù lọ, àṣejù náà sì dín kù sí 1.8, ṣùgbọ́n ìlà kóòdù mi ń yọ 3.2 lọ bí ẹni tí kò gbọ́.

Ìbéèrè tó ń yí ìdáhùn padà

Láti ìgbà náà ni mo ti ń rí ọ̀rọ̀ yìí níbi gbogbo tí mo bá ti yà sákíìtì ooru. Tẹ̀mísítọ̀, ẹ̀yà tí ìdènà rẹ̀ sí iná ń yí padà bí ooru ṣe ń yí, ló fi í hàn jù. Ẹ mú èyí tó jẹ́ 10 kílóòmù ní 25°C, ẹ to rẹ̀sísítọ̀ 10 kílóòmù tẹ̀ lé e, kí ẹ sì fi fọ́ọ̀tì 5 gba inú àwọn méjèèjì. Fọ́ọ̀tì 2.5 ni yóò bọ́ sórí tẹ̀mísítọ̀, mílíwọ́ọ̀tì 0.625 ni yóò sì máa jó nínú rẹ̀. Ó kéré, àmọ́ tẹ̀mísítọ̀ oníhóró kékeré, nínú afẹ́fẹ́ tó dúró jẹ́ẹ́, lè fi díígírì kan gbóná nítorí mílíwọ́ọ̀tì kan tàbí méjì péré. Ìbéèrè tí a bi í ti fi nǹkan bíi 0.3 sí 0.6 kún ìdáhùn rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ bó ṣe rí yóò fún un ní iná fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kíún, yóò kà á, yóò sì pa á padà.

Àwọn tó ṣe LM35, sẹ́nsọ̀ ooru kan tó ń fi fọ́ọ̀tì dáhùn, mọ èyí dájú. Mílífọ́ọ̀tì 10 ló ń mú jáde fún díígírì kọ̀ọ̀kan, nǹkan bíi ìdá 60 nínú mílíọ̀nù áńpíà péré ni wọ́n sì jẹ́ kó máa mu, kí ooru tó ń dá fúnra rẹ̀ má baà tó 0.1°C nínú afẹ́fẹ́ tó dúró. Ẹ̀wẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ wọn yìí ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń gbé fún ẹ̀yà tó ń sọ fọ́ọ̀tì di nọ́ńbà nínú microcontroller, tó jẹ́ bit 10 (ìyẹn ni pé ó ń pín òṣùwọ̀n rẹ̀ sí ìgbésẹ̀ 1024) tí a sì fi fọ́ọ̀tì 5 ṣe òṣùwọ̀n rẹ̀: ìgbésẹ̀ kan rẹ̀ jẹ́ mílífọ́ọ̀tì 4.88, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì díígírì. Wọ́n ṣọ́ 0.1, àwa sì da ìdajì nù lẹ́nu ọ̀nà. Bí a bá fi fọ́ọ̀tì 1.1 tó wà nínú àwọn microcontroller kan ṣe òṣùwọ̀n, ìgbésẹ̀ náà á di bíi 0.1°C, ṣùgbọ́n a kò ní lè kà ju nǹkan bíi 110°C lọ, èyí tí yàrá kankan kò nílò.

Ọ̀rọ̀ nọ́ńbà mẹ́rin lẹ́yìn ààmì dẹ́símà náà tún kù. Sẹ́nsọ̀ onídígítà bit 12, bíi DS18B20, ń rìn ní ìgbésẹ̀ 0.0625. Ìgbésẹ̀ ni, kì í ṣe ẹ̀rí. Ìwé rẹ̀ sọ pé ó lè ṣì í ní 0.5 sókè tàbí sísàlẹ̀ láàárín −10 sí 85°C, èyí tó túmọ̀ sí pé òtítọ́ lè fara pamọ́ sí ibikíbi nínú ìgbésẹ̀ mẹ́rìndínlógún. Mo gbà pé nọ́ńbà gígùn dùn-ún wò. Ó sì wúlò bí ohun tí a ń wá bá jẹ́ ìyípadà, bí òwúrọ̀ tí mo sọ yẹn: bí kì í bá ṣe ìgbésẹ̀ wẹ́wẹ́ wọ̀nyẹn ni, n kì bá tí rí i pé nọ́ńbà náà ń gòkè kí n tó yọ ọ́ nídìí iná. Àmọ́ èmi kò lò wọ́n fún ìyípadà láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo lò wọ́n láti fi gba ara mi gbọ́.

(Níwọ̀n ìgbà tí mo ti dárúkọ DS18B20: 85 ni nọ́ńbà tó máa ń wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iná. Bí a bá kà á kó tó parí ìwọ̀n àkọ́kọ́, èyí tó lè gba mílíséákọ́ńdì 750 ní bit 12, 85°C ni yóò sọ, bó tilẹ̀ wà nínú yìnyín. Mo ti rí i nínú àkọsílẹ̀ àwọn èèyàn, ó dá dúró láàárín 22 àti 23 bí òpó, ẹnikẹ́ni kò sì bi í pé kí ló wá ṣe.)

Àwọn kan yóò sọ pé kí ló dé tí mo ń fi ìlà kóòdù kan dá ara mi lẹ́jọ́ tó báyìí, ṣé gbogbo ẹ̀rọ ìwọ̀n kọ́ ni a ń tún ṣe nínú kóòdù ni? Bẹ́ẹ̀ ni, èmi náà ń ṣe é. Bí sẹ́nsọ̀ kan bá ń sọ 0.125 nínú abọ́ yìnyín lónìí, tó tún sọ ọ́ lọ́la, tó sọ ọ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ yọ 0.125 náà kúrò, nítorí ti sẹ́nsọ̀ fúnra rẹ̀ ni, ibikíbi tó bá lọ ni yóò gbé e lọ. Díígírì mẹ́ta tèmi kì í ṣe ti sẹ́nsọ̀. Ti régúlétọ̀ ni, ti ike tí a sé ni, ti afẹ́fẹ́ tí kò fẹ́ ni, ti iye ìgbà tí rédíò ń sọ̀rọ̀ ni. Ọ̀kan nínú wọn bá yí padà, 3.2 di àlá. Ibi tí mo ti ṣì í gan-an ni pé mo fún ohun tó ń yí ní nọ́ńbà tí kì í yí, lẹ́yìn náà mo pe ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tó tẹ̀ lé e ní ìdáhùn.

Bọ́ọ̀dù kejì

N kò tún bọ́ọ̀dù àkọ́kọ́ ṣe; mo ya òmíràn. Mo fi régúlétọ̀ tó ń tan iná tó sì ń pa á ní kíákíá rọ́pò èyí tó ń sun àjẹkù di ooru. Ó ní ariwo tirẹ̀, mo sì ní láti fi kapásítọ̀ àti kóìlì pa á lẹ́nu, ṣùgbọ́n ariwo iná rọrùn fún mi láti bá wí ju ooru lọ. Rédíò ń sùn báyìí, ó ń jí lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú kan. Kí ó tó la ẹnu ni sẹ́nsọ̀ ti ń sọ tirẹ̀ tán.

Sẹ́nsọ̀ náà kúrò láàárín ìlú. Mo gbé e lọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá, nítorí ògiri ni ẹ̀rọ náà ń kọ́ sí, ooru tó bá ti ara àwọn yòókù jáde sì ń gòkè ni. Mo gé ihò tẹ́ẹ́rẹ́ yí i ká ní ọ̀nà mẹ́ta, tó fi jẹ́ pé ahọ́n kékeré kan ló kù tó so ó mọ́ bọ́ọ̀dù. Gíráǹdì gbàgàdà náà dúró ní ẹnu ahọ́n, kò kọjá. Ìlà bàbà mẹ́rin tí ìbú ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mílímítà 0.2 ló gba orí rẹ̀, ọ̀kan fún iná, ọ̀kan fún gíráǹdì, méjì fún ọ̀rọ̀. Ike tuntun ní ojú ihò lókè àti nísàlẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè máa gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹni tó bá wo bọ́ọ̀dù náà yóò rò pé mo fi ààyè ṣòfò.

Ìlà tó ń yọ 3.2 kò sí nínú kóòdù rẹ̀. Ní òwúrọ̀ tí mo kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ bọ iná, mo ti fi í sílẹ̀ ní alẹ́ tó ṣáájú láìtan án, mo gbé aago àti bébà síwájú bíi ti ọjọ́ kìíní, mo sì jókòó tì í fún ìdajì wákàtí. Tẹmọ́mítà wà lórí 23.8. Ẹ̀rọ náà lajú pẹ̀lú 23.8125. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́fà, 23.875. Lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, 23.9375. Nígbà tí ìdajì wákàtí pé, 23.9375 náà ni, mo sì ṣí fèrèsé.